Sájẹ́ǹtì Tó Dí Ẹnu Àkàbà

Bí Àjàgbé bá ti pe ènìyàn ní "sifílíà," ìyẹn ẹni tí kì í ṣe sọ́jà, èébú ni. Kò sí ìwà tó burú láyé yìí tí ọkùnrin náà kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣàlàyé. Bí ọlọ́kọ̀ bá gba ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà ní títì Badagry, sifílíà ni. Bí aládùúgbò bá da ilẹ̀ sí gọ́tà lọ́jọ́ tí òjò ṣú, sifílíà ni. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ pàápàá, á rọra gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo, á ní, "Sifílíà ló dáná lónìí." Hánà ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jà. Aṣọ iléèwé ni obìnrin náà ń rán ní ìsọ̀ kékeré kan l'Ájáńgbàdì, ó sì ti pẹ́ tó ti gbà pé ẹnu ọkọ òun korò ju inú rẹ̀ lọ.

Ọmọ Òkèhò ni Àjàgbé. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán tó fi wọṣẹ́ ológun, ẹ̀ka panápaná ni wọ́n sì fi í sí. Báráàkì Ọ̀jọ́ ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti rí ohun tí kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n fọ táǹkì epo kan tí wọ́n ti fà gbẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà gbé búrọ́ọ̀ṣì àti korobá, ó bọ́ sínú táǹkì, ó ń kọrin. Orin náà dá dúró lójijì. Kò ké, kò pariwo. Ẹnì kejì wọlé lọ wò ó, òun náà dákẹ́. Àjàgbé ló ṣìkẹta. Ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ inú táǹkì kí ọ̀gá wọn tó gbá a létí, tó sì fi kọ́là wọ́ ọ sẹ́yìn. Ìgbájú yẹn ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé kò dìgbà tí epo bá gbiná kó tó pànìyàn. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára epo wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, ìsàlẹ̀ kòtò ló máa ń lọ ba sí. Ẹni tó bá tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀, òòyì á kọ́kọ́ kọ́ ọ, oorun á wá gbé e, oorun náà kò sì ní í jẹ́ kó jí. Ohun tó ń bí Àjàgbé nínú ni pé gbogbo ayé ń gbé ẹ̀bá epo, wọ́n ń rà á, wọ́n ń tà á, wọ́n ń fi ẹnu fà á nínú róbà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ mọ irú ẹranko tó jẹ́.

Ó fẹ̀yìn tì ní 1987 ní ipò sájẹ́ǹtì, ó gba yàrá méjì l'Ájáńgbàdì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú ilé láti máa wo àwọn sifílíà.

Ilé epo kan wà ní Okokomáíkò lẹ́bàá títì tó ti kógbá sílé. Ẹni tó ni ín ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá ara wọn ṣẹjọ́, koríko sì ti bo ibi tí ọkọ̀ ti ń tò nígbà kan. Ohun tí kò sí ẹni tó rántí ni pé àwọn táǹkì irin ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, epo pẹtiróòlù ṣì wà nínú wọn. Irin àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Ní agbègbè Ọ̀jọ́ níbẹ̀, ènìyàn kì í gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kó tó kan omi. Ìpẹta dá ihò sí táǹkì lára, epo bẹ̀rẹ̀ sí í ro sínú iyanrìn, ó ń yọ́ rìn lábẹ́ ilé onílé, títí ó fi yọjú nínú kànga àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ilé epo náà.

Kí lẹ rò pé wọ́n ṣe? Ẹni tó ní làákàyè á sá. Àwọn ń dúpẹ́. Wòlíì kan tó ní ilé àdúrà ládùúgbò náà ní Olúwa ló ṣí ìṣúra ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń fi igbá bu epo lójú omi, wọ́n ń rọ ọ́ sínú àtùpà, wọ́n ń rọ ọ́ sínú sítóófù. Àyọ̀ká, ìyá onílé tí kànga rẹ̀ sún mọ́ ilé epo jù, ń rọ tirẹ̀ sínú ìgò fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí Hánà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín pa Àjàgbé títí omijé fi dà lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbádùn ìṣúra wọn. Ìṣúra náà ń bọ̀ wá gbádùn wọn." Kò pẹ́ sí i tí àtùpà bú gbàmù nínú ilé àdúrà wòlíì ọ̀hún gan-an, tó jó aṣọ ìkélé, tó sì bá irùngbọ̀n ìránṣẹ́ Olúwa náà lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sá wá bá ìjọba.

Ìjọba ti àwọn kànga náà pa. Wọ́n sọ fún ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ ilé epo pé wọn kò ní í fi bíríkì kan lélẹ̀ níbẹ̀ bí wọn kò bá tíì fọ omi abẹ́ ilẹ̀ náà mọ́. Ilé iṣẹ́ náà gbé iṣẹ́ fún kọngilá kan tó ń jẹ́ Adéwùmí. Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, òun ló kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ iléèwé tó ti gbà á. Gọ́tà ló ń kọ́ tẹ́lẹ̀, èyí tó kọ́ sí ọ̀nà Ìbà sì ti wó lẹ́ẹ̀mejì. Bàtà funfun ló máa ń wọ̀ wá síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Nítorí pé ilé iṣẹ́ náà ní dandan ni kí ẹni tó mọ̀ nípa iná wà níbi iṣẹ́, ó béèrè kiri, wọ́n sì júwe Àjàgbé fún un. Bí Sájẹ́ǹtì ṣe di ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Bàbá Sẹ́fítì nìyẹn, lọ́dún 1991.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n hú àwọn táǹkì, wọ́n gbé wọn lọ. Wọ́n wá gbẹ́ kòtò kan síbi tí àwọn táǹkì wà, ó jìn ju ìdúró ọkùnrin méjì lọ, wọ́n sì fi ríǹgì kọnkéré gbá a mú kí iyanrìn má baà ya. Omi abẹ́ ilẹ̀ ń sun síbẹ̀, epo ń léfòó lójú rẹ̀ bí ọ̀rá lójú omi ẹran. Pọ́ǹpù ń fa méjèèjì jáde sínú dúrọ́ọ̀mù, ọkọ̀ ń wá kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ya epo kúrò lára omi. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni èyí tó wà lábẹ́ ilé àwọn ará àdúgbò á máa ṣàn padà wá sínú kòtò, díẹ̀díẹ̀, títí tí kò ní í sí mọ́. Sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, sùúrù sì ni Ẹnjiníà kò ní.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àjàgbé to àwọn òṣìṣẹ́ sórí ìlà bí ẹni to rìkúrúùtì. Méjì nínú wọn ló máa kan ìtàn yìí. Fàtáì, ọmọ Ìlaròó, aláwàdà tí kò lè dákẹ́. Ẹkúndayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ ibi tí Fàtáì bá wà lẹ ó ti bá a.

"Ẹ̀yin sifílíà," Àjàgbé bẹ̀rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni wo ẹja tó ti ń rà. "Kò sí sìgá. Kò sí ìṣáná. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ á wà, ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ sínú kòtò yìí àfi bí a bá ti fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i, àfi bó bá so okùn mọ́ ìbàdí, àfi bí èmi bá dúró lókè tí mo di okùn náà mú. Bí irinṣẹ́ bá já síbẹ̀, ó já síbẹ̀ nìyẹn. Bí ènìyàn bá já síbẹ̀ ńkọ́?"

"A ó bẹ́ lé e, ká fà á jáde," Fàtáì dáhùn.

"Ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ kú. Òmùgọ̀."

Fàtáì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Sẹ́fítì, ẹnu yín yìí, kí Ọlọ́run dárí jì í o."

Àjàgbé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé okùn gígùn kan àti ọ̀pá kan tí wọ́n jó ìkọ́ irin mọ́ lórí sí ẹnu kòtò, ó ní ẹni tó bá gbé wọn kúrò níbẹ̀, òun á fi ọ̀pá náà là á lórí.

Ohun tó kù ni ẹ̀rọ tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sínú kòtò. Ó ní kí Ẹnjiníà lọ yá a. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Ẹnjiníà ń sọ pé ó di ọ̀la. Nígbà tó yá, ó kó páálí ìbomú aláṣọ kan wá, irú èyí tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò nítorí eruku igi. Àjàgbé mú ọ̀kan, ó nù ún mọ́ ìdí bàtà rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ó ń nu ẹrẹ̀ dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà tún dé, ó gbé fáànù orí tábìlì lọ́wọ́, wáyà rẹ̀ ti bó.

"Bàbá, atẹ́gùn lẹ ní ẹ ń fẹ́, atẹ́gùn rè é. Ẹ jẹ́ ká so okùn mọ́ ọn, ká sọ ọ́ sílẹ̀ sínú kòtò."

Àjàgbé gba fáànù náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ẹnjiníà, ṣé ẹ máa ń wo ẹ̀yìn fáànù nígbà tó bá ń yí? Ẹ kì í rí bó ṣe ń ta iná pẹ́pẹ́pẹ́?"

"Iná kékeré yẹn náà?"

"Iná kékeré yẹn náà." Ó ṣánpá, ó ju fáànù gba orí ọgbà. Ó balẹ̀ sójú títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì gùn ún kọjá. "O fẹ́ fi wá sun bí ẹja. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìwọ fẹ́ gbé e sínú kòtò epo."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ pé Sájẹ́ǹtì ti fi "o" rọ́pò "ẹ." Láti ọjọ́ náà, kò fi "ẹ" bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnjiníà ì bá lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilé iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún un ń bà á. Ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń ránnu, ó lọ.

Ìjà tí Àjàgbé fẹ́ràn jù kò sí lọ́dọ̀ Ẹnjiníà. Ọ̀dọ̀ Àyọ̀ká ló wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti kànga ìyá onílé náà pa, ó ti gbé àpẹ àkàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ibi iṣẹ́, igi ló sì fi ń dáná. Ojoojúmọ́ ni Sájẹ́ǹtì ń lọ lé e, ojoojúmọ́ náà ni ìyá onílé ń dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Obìnrin náà kò bẹ̀rù sọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu tirẹ̀ náà kò dá. Àwọn ènìyàn á yí wọn ká, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, inú Àjàgbé á sì máa dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní í gbà bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá bi í.

Ọ̀sán kan nínú oṣù kẹrin, oòrùn mú gan-an, ewé kankan kò mì. Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni èéfín epo kì í lọ síbì kankan, ṣe ló máa ń ká jọ sínú kòtò bí ejò. Àjàgbé rí i pé iná Àyọ̀ká ń ta pẹ́pẹ́pẹ́, ó sì lọ bá a.

"Ìyá onílé, mo ti ní kí ẹ gbé iná yìí jìnnà."

"Ilẹ̀ bàbá mi nìyí. Ṣé báráàkì ni wọ́n ní kí o wá ṣọ́ níbí? Ìwọ tí wọ́n ti sọ fún pé kó o máa lọ sílé."

"Epo tó wọ kànga yín, mo rò pé omi nìkan ló bà jẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ mu ún, tó ti dé ọpọlọ."

Àwọn oníbàárà hó yèè. Àyọ̀ká gbé ṣíbí ìdín-àkàrà sókè, ó sọ ohun kan nípa ìyá Àjàgbé, Àjàgbé sì fèsì èyí tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó yẹ kó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Kò padà. Èébú ń dùn lẹ́nu rẹ̀.

Lákòókò yẹn gan-an, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kan fà mọ́ ẹnu pọ́ǹpù nínú kòtò, pọ́ǹpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké lásán. Ẹnjiníà, tó dúró lẹ́nu kòtò, wo aago ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún un ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Fàtáì, bọ́ sílẹ̀ kíá, yọ ọ̀rá yẹn kúrò."

Fàtáì bojú wo ọ̀gangan ọgbà níbi tí ariwo ti ń bọ̀. "Ọ̀gá, Bàbá Sẹ́fítì ní..."

"Èmi àti sọ́jà yẹn, ta ló gbà ọ́ síṣẹ́? Ṣe ni kó o fa èémí sínú, kó o dá a dúró, kó o bọ́ sílẹ̀, kó o gòkè. Kí ló wá wà níbẹ̀?"

Fàtáì mí sínú, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọmọdé tó fẹ́ mòòkùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Omi mù ún dé orúnkún. Ó na ọwọ́ sẹ́nu pọ́ǹpù, ó fa ọ̀rá náà, kò wá, ó tún fà á, ó wá. Ó gbé e sókè fi han àwọn tó wà lókè, ó la ẹnu láti fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ibẹ̀ ló ti mí. Orúnkún rẹ̀ ṣẹ́ po. Ó dojú bolẹ̀ sínú omi láìpariwo.

"Fàtáì!" Ẹkúndayọ̀ kò dúró. Ó ti wà lórí àkàbà kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Kò dé ìsàlẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó yí sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sáàárín àtẹ̀gùn àkàbà, ó sì rọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orí nísàlẹ̀.

Igbe tí àwọn tó kù ké ni Àjàgbé gbọ́. Ó sáré dé, ó bá òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n ń ti ara wọn lẹ́nu àkàbà, oníkálùkù fẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Kò ráyè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ó gbá ọ̀kan dànù, ó fi èjìká ti èkejì, ó gbé ọ̀pá oníkọ́ irin náà, ó sì dúró gbọn-in sẹ́nu àkàbà.

"Ẹni tó bá fẹ́ kú kó súnmọ́ mi!"

"Bàbá, wọ́n ń kú lọ níbẹ̀!"

"Mo rí wọn! Ẹ kúrò lọ́dọ̀ mi! Ẹ lọ gbé ẹ̀rọ fokanáísà òdìkejì títì wá, èyí tó fi ń fẹ́ táyà! Ẹ gbé e wá pẹ̀lú róbà rẹ̀!"

Kò sí ẹni tó mira. Àwọn èrò ti ya wọ inú ọgbà láti ojú títì, ẹnu wọn kò sì gba ohun mìíràn ju èébú lọ. Ọ̀dájú! Apànìyàn! Ẹnìkan bu iyanrìn sí i lójú. Òkúta kan bà á níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Kò yẹsẹ̀. Ó ń fi ojú kan ṣoṣo tó ríran wò wọ́n, ó rí gbogbo ìgboyà wọn, ó rí gbogbo ìfẹ́ wọn sí ẹnìkejì, ó sì kórìíra wọn nítorí ìwà òmùgọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ ohun tó wí. Àyọ̀ká da korobá omi kan sórí iná rẹ̀, ó ká ìró sókè, ó sì la títì Badagry kọjá láìwo ọkọ̀. Ohun tó sọ fún fokanáísà kò yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun àti ọkùnrin náà ló jọ gbé ẹ̀rọ náà dé.

"Ẹ má gbé e wọlé!" Àjàgbé kígbe. "Ẹ̀yìn ọgbà! Ìhà ìbẹ̀un! Ẹ so róbà mìíràn mọ́ ti ara rẹ̀!"

Bí róbà náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ sínú kòtò, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ṣíoo. Ó dojú bolẹ̀ sẹ́nu kòtò, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ méjì náà di ẹsẹ̀ òun mú, ó na ọ̀pá rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó kọ́ bẹ́líìtì Ẹkúndayọ̀. Wọ́n wọ́ ọ gòkè bí àpò ìrẹsì, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí atẹ́gùn wà. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Nígbà tó yá, ó wúkọ́, ó bì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Fàtáì ló kù. Ìdúró tí Àjàgbé dúró nígbà náà ló le jù nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé rẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ náà ni wọ́n ń rí, síńgílẹ́ẹ̀tì pupa rẹ̀ ń wú lójú omi. Ẹ̀rọ ń fẹ́, àwọn ènìyàn ń sunkún, wọ́n ń gbé e ṣépè, ó dúró. Ó ń dúró kí atẹ́gùn lé ohun tó wà nísàlẹ̀ kúrò. Nígbà tó rò pé ó tó, ó so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀.

"Bí ẹ bá rí i pé mo kúnlẹ̀, ẹ fà mí. Ẹ má bi mí ní ohunkóhun. Ẹ fà mí."

Ó mú ẹnu róbà dání nítòsí imú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó so Fàtáì mọ́ okùn kejì, ó sì gòkè. Nígbà tó dé òkè, ó bì bí ẹni tí ìfun rẹ̀ fẹ́ jáde. Wọ́n da omi kúrò lẹ́nu Fàtáì, wọ́n tẹ àyà rẹ̀. Ó ti kú.

Ẹnjiníà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ nígbà tí òkúta ń fò. Ẹsẹ̀ bàtà funfun rẹ̀ kan ló kù sínú iyanrìn, ẹnì kan sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló lọ. Ó sọ fún wọn pé sájẹ́ǹtì tí òun gbà síṣẹ́ fi ẹnu kòtò sílẹ̀ lọ bá obìnrin jà, pé nígbà tó sì padà dé, ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ gba ẹ̀mí là. Irọ́ kò sí nínú méjèèjì, ohun tó jẹ́ kó dùn ún gbọ́ nìyẹn. Wọ́n ti Àjàgbé mọ́lé ní tẹ́ṣàn. Wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀, ó wo ọlọ́pàá tó ń bi í láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Sifílíà tó wọ aṣọ dúdú," ó sì kẹ́yìn sí i.

Hánà gbé oúnjẹ wá fún un. "Bàbá Tinúkẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín sinmi. Ẹ sọ fún wọn pé Ẹnjiníà ló rán ọmọ yẹn níṣẹ́ ikú."

"Wọn kò lóye rẹ̀."

"Kí ni wọn kò lóye? Ẹ̀yin náà ni ẹ kò fẹ́ sọ ọ́. Ẹ rò pé gbogbo ènìyàn kéré sí yín." Ó ti àwo oúnjẹ náà sí i lọ́wọ́. "Ẹ máa kú sínú ìgbéraga yìí, èmi ni màá gbé òkú yín lọ Òkèhò."

Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ báyìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Àjàgbé jẹun, kò ráhùn.

Ìyá Fàtáì náà wá sí tẹ́ṣàn. Obìnrin náà dúró lóde irin, ó ń wò ó, kò ṣépè, kò sunkún. Àjàgbé dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì tó rùn náà. Obìnrin náà yí padà, ó lọ.

Ẹkúndayọ̀ ló yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ní ọsibítù báyìí, tẹ́ṣàn ló gbà lọ, ó sì sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́: ẹni tó ní kí Fàtáì wọlé, ohun tí Fàtáì sọ, èsì tí wọ́n fún un. Àyọ̀ká náà wá, kò sẹ́ni tó pè é, ó sì tú ẹnu rẹ̀ sí ọlọ́pàá lára títí wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú Àjàgbé sílẹ̀, ó bá Ẹkúndayọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ dúpẹ́. Ọmọkùnrin náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Òótọ́ ni mo sọ. Kì í ṣe nítorí yín."

Ní ti Ẹnjiníà, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ kóòtù, kóòtù ń sún ọjọ́ síwájú, títí ẹjọ́ náà fi kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n fi í joyè nílùú rẹ̀. Wọ́n ní ó fi àwòrán ara rẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà. Ẹnìkan mú ọ̀kan wá fi han Àjàgbé, ó wò ó, ó pòṣé, ó sì fi bo ìkòkò omi.

Àwọn mìíràn ló wá parí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń ké bí èéfín epo bá pọ̀, wọ́n sún ọgbà síwájú, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ ní Yorùbá àti Ègùn, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Wọ́n pe Àjàgbé padà. Ó tún lọ. Hánà ní kò gbọdọ̀ lọ, Àjàgbé ní òun kò lè fi kòtò yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹkúndayọ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí kò rí iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsọ ju "fà á," "dúró," "ó tó" lọ. Sájẹ́ǹtì kò tún kúrò lẹ́nu kòtò rí bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe oòrùn. Ẹnu rẹ̀ kò dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó tún le sí i.

Àwọn kànga náà mọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń fi omi wọn fọ aṣọ, wọ́n ń fi fọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mẹ́ruwà ni wọ́n ti ń ra èyí tí wọ́n ń mu. Bí wọ́n bá ráhùn, Àjàgbé á ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ wòlíì.

Nígbà tí iṣẹ́ náà ku díẹ̀ kó parí, òun àti Ẹkúndayọ̀ jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́yìn ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Láìwo ojú rẹ̀, Ẹkúndayọ̀ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Ká ní ẹ kúrò lẹ́nu àkàbà lọ́jọ́ yẹn, tí àwọn tó kù wọlé, ṣé Fàtáì ì bá yè?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ kò kàn ń tù mí nínú?"

"Mi ò kà ọ́ sí ẹni tí mo lè jókòó máa wá irọ́ dídùn fún."

Ẹkúndayọ̀ mi orí. Ó bu búrẹ́dì, kò fi sẹ́nu. "Ká ní ẹ wà lẹ́nu kòtò, tí ẹ kò lọ bá ìyá onílé jà ńkọ́?"

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá lójú títì, ilẹ̀ mì díẹ̀. Àjàgbé gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ì bá yè," ó ní. "Èmi ì bá má jẹ́ kó wọlé."

Ẹkúndayọ̀ dìde. Ó bu omi nínú korobá, ó ṣan ọwọ́ tirẹ̀, ó wá gbé ìyókù síwájú Sájẹ́ǹtì kó fi ṣan tirẹ̀. "Pọ́ǹpù ti sinmi tó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Àjàgbé ṣan ọwọ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó sì tẹ̀lé e wọ inú ọgbà.